Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́: ₦32,000 Tèmi Ò Sí Nínú Ìṣirò Yín

Sí Kọ́múréètì Joe Ajaero, Ààrẹ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, NLC.
Ẹ̀dà kan sí Kọ́múréètì Festus Osifo, Ààrẹ TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kejì.

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjàngbara. Mo mọ̀ pé Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń sọ nílé yín, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á fún yín ò lè wọ́n ní Labour House, olú-ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin nìkan sì kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí jọ kàn wá wà níbí tí wọ́n ń kà á.

Ìwé pélébé kan ló fa lẹ́tà yìí. Bàbá àwọn ọmọ mi ló mú un bọ̀ láti ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ káńsù ni, níbí ní Ìbàdàn. Ìwé náà ka ohun tí òṣìṣẹ́ rí gbà láàárín ọdún kan sẹ́yìn, láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin owó oṣù lọ́jọ́ 29 oṣù Keje 2024. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Àtúnyẹ̀wò rẹ̀ tí a máa ń dúró dè fún ọdún 5 di ọdún 3. Tiwa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tilẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Wọ́n ya ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ wálé.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni alẹ́ẹ̀tì owó oṣù tèmi wọlé: ₦32,000. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní ìlú yìí. Pírámárì 4 ni mò ń kọ́, ọmọ 26 ló wà níwájú mi. Mo wo fóònù, mo wo ìwé orí tẹlifíṣọ̀n, mo ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, òṣìṣẹ́ wo ni wọ́n ń sọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mú ìwé yẹn, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ohun tí mo kọ sẹ́yìn ìwé yẹn ni mo fẹ́ kà fún yín.

1. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tó tọ́ sí yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé abaraàmóorejẹ ni mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ìyẹn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, epo tí lítà rẹ̀ ò tó ₦200 fò di nǹkan bíi ₦500, kí oṣù Keje sì tó parí, ó ti di ₦617. Máíkírà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní ₦150 di ₦300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn èèyàn kan ń ṣàlàyé fún wa lórí rédíò pé yóò dára lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yin lẹ jáde. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ní Owerri, wọ́n mú yín, wọ́n lù yín, gbogbo ayé sì rí bí ojú yín ṣe wú. Ní oṣù Kẹjọ 2024, àwọn agbófinró ya bo olú-ilé-iṣẹ́ yín ní Àbújá lóru. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS gbé yín ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí ẹ ń lọ sípàdé àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ẹni tó bá ní ẹ kàn jókòó ń jẹun lásán, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọjà owó oṣù tí ẹ bá ìjọba ná yẹn. Ẹni tó bá ti ra aṣọ rí ní Gbági á mọ̀ pé bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ̀kan ń gòkè, kí wọ́n tó pàdé láàárín. Ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ láti ₦615,000, ẹ sọ̀ sí ₦497,000, sí ₦494,000, ẹ já wá sí ₦250,000. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000, ó bọ́ sí ₦54,000, sí ₦57,000, sí ₦60,000, sí ₦62,000. Ẹ̀yin ń já láti orí òrùlé, wọ́n ń gun àkàsọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ ti wá pàdé, ẹsẹ̀ ìjọba ò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa.

2. Owó náà ti ṣàìsàn kó tó délé.

Ẹ bọwọ́ ní ₦70,000 lọ́jọ́ 18 oṣù Keje 2024. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, epo ti di ₦855 nílé epo NNPC l'Ékòó. Ní oṣù Kẹwàá, ó di ₦998. Ẹ̀yin fúnra yín jáde láti sọ pé wọ́n dalẹ̀ yín, pé ara ohun tí ẹ fi gba ₦70,000 ni pé owó epo ò ní gòkè mọ́. Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè bí obìnrin tó ń dá èésú ṣe máa béèrè: níbo lẹ kọ ọ́ sí? Ta ló fọwọ́ sí i? Èmi tí mò ń dá ₦500 lọ́jọ́ kan, alájọ mi ní káàdì, ó ń fàlà sí i lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúnàádúrà fún òṣìṣẹ́ gbogbo Nàìjíríà gba àdéhùn ẹnu lórí owó epo.

Ní oṣù tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, dọ́là kan ti tó nǹkan bíi ₦1,600. ₦70,000 ò ju dọ́là 44 lọ. ₦30,000 ti ọdún 2019 tí gbogbo wa ń bú, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦360 lójà, ó lé ní dọ́là 80. Ní 1981, lẹ́yìn tí Hassan Sunmonu, Ààrẹ NLC àkọ́kọ́, kó òṣìṣẹ́ jáde, ₦125 ni wọ́n gbà, náírà sì ju dọ́là lọ nígbà náà. Àwọn àgbà ilé wa ṣì ń sọ̀rọ̀ owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san ṣáájú ìgbà náà, títí dòní. Màámi ra ẹ̀rọ ìránṣọ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣì wà. Ta ló máa fi ₦70,000 yìí ra ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ á bá?

Ohun tí mo ń fẹ́ lórí èyí ò pọ̀. Òfin ti 2019, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọdún 5 rẹ̀ pé ní oṣù Kẹrin 2024. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37 tó máa ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun fi pẹ́ ju oṣù 3 lọ. Ọdún 3 tuntun yìí máa pé ní 2027, ọdún ìdìbò, tí gbogbo olóṣèlú á máa ṣèlérí ohun tí wọn ò ní lápò. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ti jókòó kí 2026 tó parí. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé bí owó epo bá fò kọjá ibi kan, tábìlì yóò tún ṣí láì dúró de ọdún 3.

3. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi gan-an wà nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí.

Òfin owó oṣù ní àlàfo kan tí ìwé pélébé yín ò sọ. Ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó 25, òfin náà ò dé ibẹ̀. Bó ṣe wà ní 2019 nìyẹn, ẹ sì jẹ́ kó kọjá ní 2024 láì fọwọ́ kàn án. Mo ka àwa òṣìṣẹ́ ilé-ìwé wa: tíṣà 12, ìyá tó ń dáná, obìnrin méjì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké, akọ̀wé owó, bàbá ẹnu géètì. A jẹ́ 17. Ẹni tó ń ránṣọ fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan, ọmọ tó ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, awakọ̀ búrẹ́dì, ẹ ka ibi iṣẹ́ wọn wò. Bí ẹ bá rìn láti Ìwó Ròòdù dé Gate, ibi iṣẹ́ mélòó lẹ máa rí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé 25? Ẹni tó bá sì ní 40, kí ló dí i lọ́wọ́ láti forúkọ ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀?

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024 tí ẹ pe ìyanṣẹ́lódì, iná orílẹ̀-èdè kú lóru, pápákọ̀ òfurufú tì pa. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dé ẹnu géètì wa pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ní ká tú àwọn ọmọ sílẹ̀. A tú wọn sílẹ̀. Mo gbé ọmọ méjì tí ìyá wọn ò tíì dé lọ sílé tèmi. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣe é, mo tilẹ̀ já ewé kan dání. Nígbà tí oṣù parí, ₦25,000 tí wọ́n ń san fún mi nígbà náà ò pé: wọ́n ti yọ ₦1,100, "ọjọ́ tí ẹ ò ṣiṣẹ́." Bàbá Tọ́pẹ́, tó sùn sílé lọ́jọ́ yẹn títí ọ̀sán, kọ́bọ̀ ò dín nínú owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dáàbò bò ó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó ìyanṣẹ́lódì tó mú ₦70,000 wá fún un. Mi ò tíì rí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ẹgbẹ́, ẹ ò jẹ́ gbàgbé 1945. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè dáṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù kan lọ láyé Bàbá Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn obìnrin ọjà Èkó dúró tì wọ́n, àwọn obìnrin tí ò ní owó oṣù kankan tí wọ́n ń jà fún. Irú gbèsè báyìí ti pẹ́ lọ́rùn yín.

4. Ẹ wá wo ìṣirò mi, kí ẹ má baà rò pé ariwo lásán ni mò ń pa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní, ilé-ìwé kékeré, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ₦70,000? Ìbéèrè gidi ni. Màdáámù tó ni ilé-ìwé wa kì í ṣe ìkà. Mo ti rí i tó ń sunkún nítorí owó ilé. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa jẹ́ 210, owó ilé-ìwé ₦22,000 fún táàmù kan. Bí gbogbo òbí bá san pé, èyí tí mi ò rí rí, ₦4,620,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá san ₦70,000 fún àwa 17 fún oṣù 3, ₦3,570,000. Èyí tó kù jẹ́ ₦1,050,000, nínú ẹ̀ ni owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀, ṣọ́ọ̀kì àti owó tí oríṣiríṣi aláṣẹ ń wá gbà á ti máa jáde. Kò lè jáde. Mo gbà.

Mo wá ṣe é ní ₦50,000. Àwa 17, oṣù 3, ₦2,550,000. Ó ku ₦2,070,000. Yóò le, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ni mo dá bírò dúró. Kò sẹ́ni tó fipá mú màdáámù láti ronú lórí ₦50,000 rí, nítorí òfin ò bá a sọ ohunkóhun rárá. Láàárín ₦70,000 àti òfo, kò sí nǹkan kan. Ó lè san ₦32,000, ó lè san ₦15,000, ọlọ́pàá ò ní bi í.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ fi ₦70,000 di ẹrù lé ibi iṣẹ́ kékeré lórí lọ́la. Ohun tí mo ń fẹ́ ni ìpìlẹ̀ kan lábẹ́ òfin fún ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25, kó kéré ju ti àwọn ńlá bó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kó wà, kó sì máa gòkè pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ẹ fi wá sórí tábìlì. Bí ẹ bá jókòó lọ́jọ́ tí ẹ máa ná ọjà ti 2027, kí ìkan nínú àwọn tí ẹ máa mú wọlé jẹ́ ẹni tí òfin yìí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

5. Àwọn tí òfin dé ọ̀dọ̀ wọn pàápàá, ẹ wo bí ó ṣe rí.

Ní Àbújá, ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin náà, àwọn tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù 3 lọ lọ́dún yìí nítorí ₦70,000 kan náà. Owó ìrànwọ́ ₦35,000 tí ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2023, gbèsè oṣù 5 rẹ̀ wọ 2025. Èkó ń san ₦85,000, Ògùn ₦77,000, Ọ̀ṣun ₦75,000, Oǹdó ₦73,000, Èkìtì ₦70,000. Gbogbo èyí dára lórí rédíò. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba lábẹ́ kọntirakítọ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ń gbà. Ẹ tẹ orúkọ ibi iṣẹ́ àti ìpínlẹ̀ tí ò san án jáde lóṣooṣù, ká lè máa rí wọn. Ìyẹn ò náni lówó.

6. Ilẹ̀kùn ẹgbẹ́.

Abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún mi ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ sì sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé mi nítorí pé mo wọ ẹgbẹ́. Mo mọ gbogbo èyí nísinsìnyí nítorí pé mo lọ wá a kiri. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ òfin ní èèyàn 50 ló gbọ́dọ̀ péjọ kí wọ́n tó lè forúkọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Àwa 17, báwo la ṣe máa di 50? Ilé-ìwé aládàáni 6 ni mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Bí ẹ bá rán ẹnìkan wá sí àdúgbò wa ní ọ̀sán Sátidé kan, pẹ̀lú ìwé òfin tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá tó já gaara, mo lè kó tíṣà 50 jọ fún un. Mi ò sọ ọ́ láti yangàn. Àwa ti ń pàdé nídìí àjọ, a ti mọ ara wa, a mọ owó ẹnìkínní-kejì.

Ẹ̀rù wà, mi ò ní purọ́. Tíṣà kan níwájú wa lọ́dún tó kọjá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń yọ owó nígbà tí ara rẹ̀ ò yá. Kí táàmù tó parí, ẹlòmíràn ti wà nínú kíláàsì rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, mo sì tọrọ àforíjì. Bí ẹgbẹ́ bá wà lẹ́yìn mi, mo máa kọ ọ́ gàdàgbà.

Mo fẹ́ ìdáhùn kí ọdún yìí tó parí, lórí mẹ́ta péré nínú ohun tí mo sọ: àlàfo 25, ìgbìmọ̀ ti 2027, àti ẹni tí ẹ máa rán wá bá wa. Ẹ lè fi í ránṣẹ́ gba ẹ̀ka tí bàbá àwọn ọmọ mi wà ní káńsù. Wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù, mo sì máa ń rí i lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, nítorí èmi ni mò ń pín owó náà sí gàrí, owó ilé àti owó ilé-ìwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń yọ ọ́, nínú owó ọbẹ̀ wa ló ti ń jáde.

Èmi ni,
Tíṣà Pírámárì 4 kan,
Ìbàdàn, oṣù Kẹjọ 2025.